Fáàfù Nọ́ńbà 417

"Ta ló ni omi yìí?"

Màmá ló béèrè bẹ́ẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ní ìdájí, nígbà tí omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tó sì gbé sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì léfòó. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí iṣẹ́ bíríkìlà ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di páálí, ń gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta tó kù nílé gun orí àga. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, aránṣọ, wà ní yàrá iwájú tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó ń kó aṣọ àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ti gé sílẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, ní ìdì ní ìdì, ó sì ń ṣépè lábẹ́ eyín.

"Mo ní ta ló ni omi yìí?"

"Màmá, ẹ ká ẹsẹ̀ yín sókè ná."

Omi páìpù ni. Páìpù ńlá tó gba abẹ́ títì kọjá ló bẹ́ níwájú ilé wọn gan-an. Ọ̀dà títì wú bí ikùn ẹni tó jẹ ohun tí kò bá a lára mu, ó là, omi sì ń ru jáde láti inú rẹ̀. Omi tó mọ́ gaara, tó tutù nini, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ládùúgbò náà kò rí kó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ láti oṣù mẹ́ta. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Oṣù mẹ́ta ló fi ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì, tó ń fi omi tó fi fọ abọ́ fọ ilẹ̀. Omi yìí sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn! Ebi ń pa ọ kú lọ, wọ́n sì ti fi oúnjẹ ṣe ìrọ̀rí fún ọ láìsọ fún ọ.

Ilé wọn ló wà nísàlẹ̀ jù lójú títì náà. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ pátá, ọ̀dọ̀ wọn ló ń bọ̀.

Bíríkìlà wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri lábẹ́ fèrèsé. Yàrá yẹn ló dàgbà jù nínú ilé. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, sìmẹ́ńtì kàn bò ó lójú ni. Ògiri náà ti sán. Ọkùnrin náà fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí, ó fa ìlà kékeré kan sí ibi tí ojú sísán náà parí sí. Ó jáde lọ wo títì, ó padà wọlé. Sísán náà ti fi ìbú ìka kan kọjá ìlà.

"Tí wọn ò bá ti omi yìí pa," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "yàrá yìí ò ní rí ìrọ̀lẹ́. Tó bá sì ṣubú, ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ ló máa fà dání."

"Mo gbọ́ ẹ o," ni Màmá wí. "Ojú ló ń dùn mí, etí mi ò ṣe nǹkan kan."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ sọ́dọ̀ Rédíò."

"Rédíò kẹ̀? Kó tó dọ̀sán, gbogbo àdúgbò á ti mọ iye eyín tó kù lẹ́nu mi."

Rédíò ni obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì. Ó ti lórúkọ mìíràn rí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti jẹ orúkọ náà run.

Aránṣọ pe ọ́fíìsì omi. Ìgbà mọ́kànlá ló pè, orin ni wọ́n ń kọ sí i létí. Nígbà kejìlá, ọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń jẹun.

"Nọ́ńbà ohun tó bàjẹ́ yẹn ńkọ́, màdáàmù?"

"Nọ́ńbà wo?"

"Gbogbo ohun-ìní ìlú ló ti ní nọ́ńbà báyìí. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i lára rẹ̀, ọ̀dà yẹ́lò ni. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ̀rọ ò ní gba ẹjọ́ yín wọlé."

"Abẹ́ ilẹ̀ ni páìpù wà, ọ̀gá. Ṣé kí n rì wọ inú rẹ̀ lọ wo nọ́ńbà ni?"

"Ẹ má bínú, màdáàmù, iṣẹ́ ni."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi! Ẹ kọ ọ́ pé ìyá arúgbó kan ń gbé lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni wọ ọkọ̀ ojú omi!"

Ọkọ rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ́. Ẹni tá a fẹ́ kó wá ràn wá lọ́wọ́ ni."

"Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi pè nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà kejìlá nìyí."

Ọkọ rẹ̀ padà wọlé lọ wo ìlà pẹ́ńsù rẹ̀.

*

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù kí wọ́n tó dé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni, àwọn lébìrà mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì, ọmọbìnrin kan sì wà níwájú tó gbé fóònù kan dání tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ọ̀gá wọn dé akoto ike funfun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo fóònù ńlá náà. Kò wo omi. Kò sì kí ẹnikẹ́ni.

"Akoto ti dé," ni Rédíò kéde láti òdìkejì. Orúkọ yẹn mọ́ ọkùnrin náà lára kó tó délé.

"Fáàfù là ń wá," ni Akoto sọ fún bíríkìlà. "Irin tí wọ́n ń yí kí omi títì yìí lè dúró. Ọmọrí irin ló máa ń wà lójú rẹ̀. Nọ́ńbà 417." Ó na ìka sí inú ilé. "Kíṣìnì yín ló wà."

"Kíṣìnì wa?"

"Ohun tí ìwé ìlú sọ nìyẹn."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó rò pé eré ni. "Ọ̀gá, èmi ni mo da ilẹ̀ kíṣìnì yẹn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, èmi ni mo po kọnkéré rẹ̀. Tí irin bá wà níbẹ̀, ṣọ́bìrì mi ìbá ti sọ fún mi."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mọlé lé ohun-ìní ìlú lórí? Ẹ máa dúpẹ́ pé lébìrà ni mo kó wá, n ò kó ọlọ́pàá."

Aránṣọ bọ́ sáàárín wọn. "Ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè tì í láti òkè ni?"

"Tá a bá tì í lókè, ilé ìwòsàn ò ní lómi. Àti pé," ohùn Akoto lọ sílẹ̀ díẹ̀, "ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tẹ́nikẹ́ni ti yí tòkè. Tá a bá fọwọ́ kàn án, a ò mọ ohun tó máa já."

Wọ́n wọ kíṣìnì. Ẹ̀wà tí aránṣọ gbé kaná láàárọ̀ ò tíì rọ̀; ó gbé ìkòkò náà tòun ti ooru rẹ̀ jáde, kò ríbi gbé e kà, ó wá gbé e lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìró dígà àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ìkejì. Ó sáré wọlé, ó sì bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń nawọ́ sí ilẹ̀ fún àwọn lébìrà.

"Ẹ má lu ibẹ̀ yẹn, ẹ máa mi ògiri. Ibí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi gígùn rẹ̀ gbà á."

"O tún ń júwe ibi tí wọ́n máa lù fún wọn!"

"Tí wọ́n bá máa fọ́ ọ, kí wọ́n fọ́ ọ bó ṣe yẹ. Ilé ṣì gbọ́dọ̀ dúró."

"Ọwọ́ ara rẹ lo fi ṣe é!"

"Mo mọ̀."

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Aránṣọ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó rí bí iṣan ibẹ̀ ṣe dìde, ó sì bọ́ sẹ́yìn fún àwọn lébìrà.

Níta, èrò ti pé. Ibì kan ṣoṣo tó gbẹ lójú títì ni gbogbo wọn fún ara wọn mọ́, Rédíò wà láàárín, ó ń gé búrẹ́dì fún ẹni tó bá fẹ́ rà.

"Wọ́n ní ọkọ aránṣọ ló jí fáàfù náà, ó sì rì í mọ́ kíṣìnì," ni ẹnìkan wí.

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé á fi se ẹ̀wà ni?"

"Èmi ò mọ̀ o. Ìlú ti kà á, ìlú ló mọ̀."

"Ìlú wo?" ni Rédíò wí. "Ìlú tó kọ nọ́ńbà sára òpó iná láìwo òkè kó rí i pé gílóòbù ò sí? Afárá tó wó ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣé ẹ rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé wọn? 'Ó wà ní ipò tó dára.' Ọmọ àbúrò mi ló kà á fún mi. Ilé tá a bá fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

*

Kòtò náà ti mu lébìrà dé ìbàdí. Iyanrìn ni wọ́n rí, àti omi, àti ṣíbí kan tó ti dípẹtà. Akoto dúró lókè kòtò náà, ó ń wo fóònù ńlá bí ẹni tó ń retí pé kó tọrọ àforíjì.

"Ẹ̀rọ lè fi mítà mẹ́ta ṣìnà," ló wí níkẹyìn. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá. "Ẹ kó dígà wá síbí."

Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ rẹ̀ ká sí orúnkún, sálúbàtà tó tutù wà ní itan rẹ̀. Ó wo àwọn ọkùnrin márùn-ún náà.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló wí. "Ẹ ò kí mi nígbà tẹ́ ẹ dé."

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà dọ̀bálẹ̀ nínú omi. "Ẹ má bínú, Màmá." Akoto wo ọmọbìnrin tó gbé fóònù, ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀.

Aránṣọ nawọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ò ní lu ibí. Tẹ́ ẹ bá lu ibí, ògiri á wá sílẹ̀."

"Màdáàmù, ẹ̀ ń dí iṣẹ́ ìlú lọ́wọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tẹ́ ẹ̀ ń wò láti àárọ̀ hàn mí."

"Kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń wò."

"Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ fọ́ kíṣìnì mi, n ò gbọdọ̀ wò ó? Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá."

Ọmọbìnrin náà gbé e wá kí ọ̀gá rẹ̀ tó lè sọ̀rọ̀. Àwòrán àdúgbò ló wà lójú rẹ̀, àwọn òrùlé tí wọ́n yà láti òkè. Aránṣọ dá òrùlé wọn mọ̀ nípa páànù tuntun tó wà lórí kíṣìnì. Àwọn àmì yẹ́lò pọ̀ lójú títì mìíràn, wọ́n tò lọ bí ojú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n lójú títì tiwọn kò sí ẹyọ kan. Gbogbo wọn ṣùpọ̀ sójú kan, wọ́n gun ara wọn lórí bí eṣinṣin lórí egbò.

"Kí lèyí?"

"Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Ẹ tẹ 412. Kí ni 412?"

"Òpó iná."

"Níbo?"

Ọmọbìnrin náà tún un tẹ̀. "Kíṣìnì yín."

"415 ńkọ́?"

"Afárá gọ́tà. Òun náà... kíṣìnì yín ni."

"Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n o! Òpó iná wà ní kíṣìnì mi, afárá wà ní kíṣìnì mi, èmi ò sì tíì gba owó-orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni!"

Ẹ̀rín Rédíò gba ojú fèrèsé wọlé. "Àbí ẹ ò rí ibi tí ìlú wà, tá a ti ń wá a kiri!"

Ṣùgbọ́n aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Òjò kan ló ń rántí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ń fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà kiri sá wá fara pamọ́ sábẹ́ páànù kíṣìnì rẹ̀ nígbà tí òjò dé. Ó gbé àga fún wọn, ó po tíì fún wọn. Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n ń rántí àwọn ohun tí wọ́n ti kọ nọ́ńbà sí lára kí òjò tó dé: òpó, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, 412. Afárá, 415.

"Níbi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú fóònù," ló wí. "Ẹ̀rọ yín ò mọ ibi tí fáàfù wà. Ibi tí àwọn tó kà á ti mu tíì ló mọ̀. Tíì tèmi!"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè wo Akoto.

"Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣe ìwé yìí," ni Akoto wí. "Wọ́n ti buwọ́ lù ú. Ọdún márùn-ún tó ń bọ̀, òun ni ìlú máa fi ṣètò gbogbo iṣẹ́."

Nǹkan ré lulẹ̀ lẹ́yìn wọn. Sìmẹ́ńtì ojú ògiri ni, ó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn, orí ìrọ̀rí Màmá ló bọ́ sí. Bíríkìlà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ìlà pẹ́ńsù rẹ̀.

"Ìbú ìka mẹ́rin," ló wí. "Kò ju wákàtí kan lọ mọ́."

Ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gun ẹ̀yìn rẹ̀ láìjiyàn, láìdá àpárá kankan. Ìyẹn ló dẹ́rù ba aránṣọ jù. Ó wo wọ́n bí wọ́n ṣe la omi kọjá, ẹsẹ̀ tínínrín méjì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí bíríkìlà. Àwọn èrò sì yà lọ́nà fún wọn, Rédíò fúnra rẹ̀ ló gbé àga tó fi ń jókòó ta ọjà lọ sábẹ́ ìloro rẹ̀ fún wọn.

*

Tí aránṣọ bá gé aṣọ ilé-ìwé, ó máa ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí ẹyọ kan bá sọnù, kì í tú gbogbo ìdì. Ó máa ń mú èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì máa ń wá a láàárín àwọn méjèèjì, nítorí ọwọ́ tó ń fi ẹfun kọ nǹkan kì í fò. Ibi tó bá dé ló ń kọ. Fóònù lè parọ́. Ọ̀dà ò lè rìn.

Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ sójú títì.

412 wà lára òpó iná, lóòótọ́. 413 wà lórí ọmọrí gọ́tà. 414 ni iná ojú títì tí kò tàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. 415 ni afárá gọ́tà. Ó sọdá, bí àwọn ọ̀dọ́ náà ti sọdá. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì náà ti ń tẹ̀ lé e báyìí, ó gbé fóònù ńlá náà sábẹ́ apá bí ẹni gbé àwo tó ti jẹun tán. 416 wà lára òpó tó súnmọ́ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Aránṣọ gbójú sókè, ó wá èyí tó tẹ̀ lé e kàn lọ́ọ̀ọ́kán: 418, lára òpó mìíràn, bí ìṣísẹ̀ ogún sí ibi tó dúró.

Láàárín 416 àti 418, àwọn èrò ni wọ́n wà níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò tó ti ń wòran láti àárọ̀, tí wọ́n fún ara wọn mọ́ ojú kan tó gbẹ.

"Ẹ̀yin èèyàn, kí lẹ dúró lé?"

"Àwa kẹ̀?" Wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn. "Kọnkéré ni."

"Kọnkéré kí ni?"

Wọ́n yíjú padà, wọ́n wòkè. Pátákó ìkéde kan ló wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó yàrá, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Ọkùnrin kan tó dé akoto ń rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. ÌLÚ TÓ MỌ OHUN TÓ NÍ, ni wọ́n kọ sí òkè. Wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀: GBOGBO OHUN-ÌNÍ WA LA TI KÀ TÁN. Ẹsẹ̀ irin rẹ̀ méjèèjì rì sínú kọnkéré kan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, tó ga ju títì lọ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi gbẹ.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni aránṣọ wí. "Gbogbo yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ó rìn yí kọnkéré náà ká, ó tẹ̀ ba, ó ń fọwọ́ gbá omi kúrò létí rẹ̀. Ní igun tó kọjú sí ilé wọn, irin kan yọ jáde lábẹ́ kọnkéré, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ọ̀dà yẹ́lò wà lára rẹ̀: 4, àti ibi tí ohun mìíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti dé. Ó fi èékánná ha kọnkéré náà. "Èyí ò tíì pé oṣù mẹ́fà. Wọ́n kà á tán kí wọ́n tó dà á lé e lórí."

Akoto ti ń la omi bọ̀, bàtà rẹ̀ kò tún ká a lára mọ́. Ó wo irin náà, ó wo pátákó, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ dúró ná. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Pátákó yìí kì í ṣe ti ẹ̀ka wa, ti ẹ̀ka ìkéde ni. A máa kọ̀wé sí wọn, wọ́n máa fún wa lésì, a máa..."

"Lẹ́tà wo lẹ kọ sí kíṣìnì mi?"

Omi ń ṣàn. Aránṣọ ò pariwo, ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

"Ọ̀gá, mo ní lẹ́tà wo lẹ kọ sí kíṣìnì mi?"

Lébìrà tó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ló kọ́kọ́ gbé dígà sókè. Kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, igun kọnkéré náà fọ́. Pátákó mì tìtì, ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín lókè mì pẹ̀lú rẹ̀. Lébìrà kejì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bíríkìlà kúnlẹ̀ sáàárín ìró dígà méjèèjì, ó ń fi ọwọ́ tó dà bíi páálí kó àfọ́kù kúrò, ó ń kó o, ó ń kó o. 1 jáde.

"Kọ́kọ́rọ́ fáàfù!" ló kígbe láìgbójú sókè. "Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá!"

Ọmọbìnrin náà ti gbé fóònù ńlá rẹ̀ sọ sórí tábìlì búrẹ́dì, ó ti ń sáré lọ sídìí ọkọ̀. Dígà tún bọ́. Àfọ́kù kan tó tóbi tó orí èèyàn ṣí kúrò lójú kan náà, omi fọ eruku kúrò lára irin, ọmọrí náà sì wà níbẹ̀ rèǹtè lójú oòrùn, lójú gbogbo èèyàn: 417.